Mo fẹ́ fi káráfáànù àtijọ́ tajà nílùú Ọba, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó sanwó

ỌmọLísàbí (Northampton)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọkùnrin òyìnbó kan ní Kettering fẹ́ ta káráfáànù Sprite Musketeer kan, ilé kékeré tí mọ́tò máa ń fà lẹ́yìn, ó ní ọdún 1973 ni wọ́n ṣe é. Funfun ni, wọ́n fa ìlà búlúù sí i nídìí, ojú ẹ̀ sì fani mọ́ra gan-an. £900 ló ń pè é. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan fi ṣe fèrèsé ìtajà, kí n kùn ún dáadáa, kí n máa dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, kí n máa sun súyà, kí n sì máa bu jọ̀lọ́ọ̀fù nínú ẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Tí àwọn èèyàn wa bá ń ṣe ìnáwó, màá gbé e lọ síbẹ̀ náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí mò ń ṣe ti ń mú ẹ̀yìn dùn mí. Kí ni kí n wò lára ẹ̀ tí mo bá débẹ̀? Ìwé wo ni káńsù máa bi mí? Ṣé £3,000 á ká àtúnṣe ẹ̀?

KáfíńtàLeeds

Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù ná. £900 tó pè yẹn kọ́ ni iye ẹ̀. Ọ̀rinrin ló máa sọ iye ẹ̀ fún yín.

Bí wọ́n ṣe ń kan Sprite ìgbà yẹn nìyí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe egungun ẹ̀. Wọ́n kan páànù alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn níta, wọ́n sì kan pákó fẹ́lẹ́ mọ́ ọn nínú. Irin ò sí nínú ògiri yẹn, àfi ṣáásì tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo ibi tí páànù méjì ti pàdé, etí òrùlé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìdí iná ẹ̀yìn, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dí gbogbo ẹ̀. Tó bá pẹ́, gọ́ọ̀mù á gbẹ, á sán. Òjò á wá máa gba ibẹ̀ yọ́ wọ inú igi, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan, torí pé inú ilé ṣì ń dán.

Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé tìmùtìmù orí bẹ́ẹ̀dì kúrò, kẹ́ ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo kọ̀rọ̀ àti abẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti rọ̀, igi ẹ̀yìn ẹ̀ ti jẹrà. Ẹ rìn lórí ilẹ̀ ẹ̀, pàápàá lẹ́nu ọ̀nà àti níwájú síǹkì, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún tàbí ó ń tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé kọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣe é. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, èyí tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu, kò wọ́n. Tí kò bá kọjá 15%, kò séwu. Láàárín 15 sí 20, ẹ máa ṣọ́ ọ. Tó bá ti ju 20 lọ, wọ́n ní láti tú ibẹ̀ wò. Tó bá ń sọ 30, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀ kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé.

Fèrèsé ìtajà wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ògiri tẹ́ ẹ fẹ́ gé yẹn náà ló gbé òrùlé dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kàn án kó tó kan férémù tuntun sí i láti òkè délẹ̀, kí igi kan tó nípọn sì dábùú lókè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òrùlé á tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fèrèsé ò ní ṣí mọ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ máa gé náà. Káráfáànù tí wọ́n ṣe nílùú Ọba, apá òsì ni ilẹ̀kùn ẹ̀ máa ń wà, níbi táwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Àwọn tí wọ́n kó wá láti Jámánì, bí Eriba, apá ọ̀tún ni tiwọn. Ẹni tó bá gé apá ọ̀tún, tó sì páàkì sétí títì, àárín mọ́tò làwọn oníbàárà ẹ̀ máa tò sí.

Ọ̀kan tí àwọn èèyàn kì í sọ: nínú káráfáànù ìgbà yẹn, ẹ lè bá pákó kan tó rí bí eérú lẹ́yìn sítóòfù tàbí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ó lè jẹ́ ásíbẹ́sítọ́sì, tí eruku ẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi sáńpépà kàn án. Ẹ pe àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ní ti £3,000: tó bá gbẹ, tẹ́ ẹ sì ní ẹni tó máa bá yín ṣiṣẹ́ láìgba owó púpọ̀, ó lè ká a. Tó bá rin, ìlọ́po méjì ẹ̀ ò ní tó.

ÌyáṢadé_Peckham

Súyà kẹ̀? Nínú ilé onípákó? Olúwa ṣàánú fún wa.

Àbúrò mi, mo ti pẹ́ nídìí oúnjẹ títà, jẹ́ kí n là á fún ẹ bó ṣe rí. Káráfáànù àtijọ́ dára fún ohun tí wọ́n kàn ń bù: sóbò tútù, kọfí, áísìkiriìmù, kéèkì. Kò dára fún ohun tí wọ́n ń dín. Èéfín òróró á wọ inú igi, kò sì ní jáde mọ́. Àwọn ará káńsù tó ń yẹ ibi oúnjẹ wò fẹ́ kí gbogbo ara ògiri, ilẹ̀ àti tábìlì jọ̀lọ̀, kó ṣeé fọ̀, kó má máa mu omi. Ìyẹn ni pé wàá ya gbogbo inú ẹ̀ dànù, wàá fi irin tí kì í dípẹtà tàbí páálí oníke bò ó. Nígbà tó o bá fi máa ṣe tán, ẹwà àtijọ́ tó o torí ẹ̀ rà á ti lọ, ó sì ti wúwo ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ.

Ohun tí èmi máa ṣe nìyí. Káráfáànù ni ojú ìtajà: ibẹ̀ lowó wà, ibẹ̀ ni ohun mímu wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ya fọ́tò. Agbada àti ààrò, kí wọ́n wà lábẹ́ ìbòòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, níta gbangba. Ọjà á tà, ilé ò ní jó.

Ní ti ìwé. Ó kéré tán, ọjọ́ 28 kó o tó bẹ̀rẹ̀, wàá forúkọ okòwò oúnjẹ ẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì lè sọ pé àwọn ò gbà. Káńsù ibi tí káráfáànù ń sùn lálẹ́ ni, kì í ṣe ti ibi tó o ti ń tajà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa wá wo ibẹ̀, wọ́n á fún ẹ ní máàkì láti 0 dé 5. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ọjà kì í gba ẹni tí kò bá ní 4 tàbí 5. Ibi ìfọwọ́ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí síǹkì àwo, omi gbígbóná àti tútù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ àti pépà ìnuwọ́. Oúnjẹ gbígbóná kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 63°C, ti inú fíríìjì kò gbọdọ̀ kọjá 8°C.

Ìrẹsì yẹn ni kó o máa bẹ̀rù jù. Kòkòrò kan wà nínú ẹ̀ tí iná kì í pa tán. Tí jọ̀lọ́ọ̀fù bá wà nílẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí bíi mélòó kan, kòkòrò yẹn á tú oró sínú ẹ̀, tó o bá sì tún un gbé kaná, oró yẹn ò ní lọ. Nílé la ti máa ń fi ìkòkò sílẹ̀ lórí sítóòfù mọ́jú. Níbi ìtajà, má dán an wò.

Àti yàjì! Ẹ̀pà ni kúlíkúlí. Ohun 14 ni òfin ní kó o sọ fún oníbàárà tí wọ́n bá wà nínú oúnjẹ ẹ, torí àwọn tí ara wọn kì í gbà á, ẹ̀pà sì wà nínú wọn. Edé wà níbẹ̀, mílíìkì àti ẹyin wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù náà wà níbẹ̀. Kọ ọ́ síta gàdàgbà. Ẹ̀pà lè pa ọmọ òyìnbó kan lójú ẹ kí ọkọ̀ ìlera tó dé.

ỌmọÌbàdànGidi

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ ń dá ara yín lágara ni. Kẹ́ ẹ ra kọ̀nténà, kẹ́ ẹ gé e lójú, ó tán! Àbí wọ́n lè kó ọ̀kan nínú àwọn káráfáànù yìí wálé fún èmi náà? Mo ní àyè kan ní Bódìjà.

KáfíńtàLeeds

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú kòtò ojú ọ̀nà wa, igi tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀ á ti tú kó tó kúrò ní Apápá. Ẹ dúró ti kọ̀nténà yín.

GáàsìManchester

Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Gáàsì inú sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń lọ, ibẹ̀ ló máa kóra jọ sí títí iná á fi bá a. Ìdí nìyẹn tí ihò fi wà nílẹ̀ káráfáànù. Àwọn èèyàn máa ń tẹ́ rọ́bà tuntun sílẹ̀, wọ́n á sì bo ihò náà mọ́lẹ̀ torí pé atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má ṣe é. Àpótí tí sílíńdà wà gbọ́dọ̀ ṣí síta, kó má ní ihò kankan sínú ilé, kí ó sì ní ihò nísàlẹ̀ tó jáde síta. Gbogbo rọ́bà àtijọ́ àti rẹ́gúlétọ̀, ẹ yọ wọ́n dànù. Sítóòfù tó bá ti bá a wá láti 1973 náà, ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Èyí tí iná ẹ̀ bá kú, tí kò lè ti gáàsì fúnra ẹ̀, kò yẹ níbi ìtajà.

Sílíńdà pupa ti iléeṣẹ́ Calor ni kẹ́ ẹ rà, ìyẹn propane. Èyí tó wà nínú búlúù, butane ni, kì í fẹ́ jáde nígbà tí òtútù bá dé ibi tí omi ti ń dì. Ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló wúlò fún.

Ẹni tó máa so ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Gas Safe, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn tí òfin gbà láyè láti ṣiṣẹ́ gáàsì, kó sì jẹ́ pé iṣẹ́ gáàsì ibi ìtajà oúnjẹ alágbèéká wà lẹ́yìn káàdì ẹ̀. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi gbígbóná ilé ṣe kò ní àṣẹ láti fọwọ́ kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Ọ̀rọ̀ èédú: ẹ má sun súyà nínú káráfáànù láéláé, kódà pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú ò ní òórùn, ojú ò rí i, oorun ló máa ń gbé èèyàn lọ. Èédú tó ti dà bí ẹni pé ó kú náà ṣì ń tú u. Tẹ́ ẹ bá ń palẹ̀ mọ́ lálẹ́, ẹ má gbé ààrò sẹ́yìn mọ́tò. Abẹ́ ìbòòrùn tí wọ́n ta aṣọ yí ká náà kò yẹ. Ẹ ra ẹ̀rọ tó máa ń ké tó bá gbọ́ ọ. Fún agbada òróró, ẹ béèrè fún ohun ìpaná onílẹ́tà F, omi lásán á kàn fọ́n iná náà ká.

Ní ti iná mànàmáná, ibi tí wọ́n ti ń fúnni níná níbi ọjà, 16A ló sábà máa ń jẹ́. Gbogbo ohun tó lè gbé ò ju bíi 3.6kW lọ. Agbada oníná kan ṣoṣo á ti jẹ ẹ́ tán. Torí náà, ìmọ̀ràn Ìyá Ṣadé gan-an ni. Fíríìjì, iná, ẹ̀rọ owó, ó parí.

Àdùkẹ́Luton

Ẹnìkan ò tíì béèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù. Àǹtí, físà wo lẹ ní? Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá òwò ara ẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ẹni tí iléeṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó gbà wá lórí físà òṣìṣẹ́ náà, kò lè fi òwò ara ẹ̀ ṣe iṣẹ́ kejì. Mo rí ẹni tó rò pé Sátidé nìkan ò lè ṣe nǹkan kan. Àwọn tó wà lórí físà Graduate, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó kàwé parí níbí, lè ṣe é, ìyàwó tàbí ọkọ tó tẹ̀lé òṣìṣẹ́ wá náà lè ṣe é.

ỌmọLísàbí

Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ mi ni òṣìṣẹ́, èmi ni mo tẹ̀lé e wá. Ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ súyà yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, mo ti gbọ́, ìta ni. Ṣé orúkọ tí mo forúkọ sílẹ̀ ní káńsù yẹn ló máa jẹ́ kí n lè dúró ní àárín ìlú?

ÌyáṢadé_Peckham

Rárá o. Ìyẹn kàn sọ pé wọ́n mọ̀ ẹ́ pé ò ń ta oúnjẹ ni. Àtitajà ní ìgboro, àṣẹ mìíràn ni, káńsù kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye tiẹ̀. Òfin ọdún 1982 ni wọ́n ń lò káàkiri, London ní tiẹ̀ ti ọdún 1990. Má sì rò pé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iwájú ilé ìtajà kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ibikíbi táwọn èèyàn bá ti lè wọ̀ láìsanwó, òfin 1982 lè kà á sí ìgboro. Kọ lẹ́tà sí káńsù ẹ kó o tó fi ọ̀dà kàn án.

Ọ̀rọ̀ òru náà wà níbẹ̀. O mọ bí ìnáwó àwa Yorùbá ṣe ń rí. Tó o bá ta oúnjẹ gbígbóná fún ará ìta láti aago 11 alẹ́ sí 5 àárọ̀, láísẹ́ǹsì mìíràn ni. Tó o bá fẹ́ ta ọtí níbi kan lẹ́ẹ̀kan, £21 ni ìwé ẹ̀, wàá sì fún wọn ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 10.

Tí ohun tó wọlé bá ti ju £1,000 lọ láàárín ọdún owó-orí, sọ fún HMRC, àwọn tó ń gba owó-orí. Wá ìbánigbófò kó o tó jáde, bá wọn sọ pé ìtajà ni. Ti káráfáànù ìgbafẹ́ ò ní san kọ́bọ̀ fún ẹ. Tó o bá gba ọmọ kan láti máa bá ẹ bù ú, ìbánigbófò ti òṣìṣẹ́ di dandan lábẹ́ òfin.

Ẹ̀gbọ́nSheffield

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ẹni tó dá Sprite sílẹ̀, Sam Alper, òun kan náà ló dá Little Chef sílẹ̀ ní Reading lọ́dún 1958. Ilé oúnjẹ kékeré tó ní ìjókòó 11 ni. Ó ti rí irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Káráfáànù àti oúnjẹ títà ti mọra wọn tipẹ́.

Àbúrò, tó bá jẹ́ pé oúnjẹ ni òwò yín lóòótọ́, tí kì í ṣe ẹwà, ẹ wá àpótí tí wọ́n fi ń gbé ẹṣin, irú èyí tí iléeṣẹ́ Rice ń ṣe látijọ́ yẹn. Ẹṣin wúwo, ó sì máa ń ta ìpá, torí náà ilẹ̀ ẹ̀ nípọn, ara ẹ̀ le, páànù ńlá tí ẹṣin ń gùn wọlé sì lè di tábìlì ìtajà. Àwọn tí ń ta ọtí níbi ìgbéyàwó ti rà á tán nílẹ̀, owó ẹ̀ ti gòkè. Citroën H, ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ará Faransé, ni òmíràn, wọ́n ṣe é láti 1947 dé 1981. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà á, ilẹ̀ ẹ̀ wá lọ sílẹ̀, èèyàn lè nàró nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó wá owó. Ohun tó dùn nínú ẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1 Oṣù Kìíní 1973 kì í san owó ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń tú èéfín burúkú, ní London, kódà tó bá ń ṣòwò. Èyí tó ti lé ní ogójì ọdún ṣùgbọ́n tó jẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, tó bá ń ṣòwò, owó ń bẹ.

AwakọCorby

Ẹ̀gbọ́n, káráfáànù kì í san ULEZ ní tiẹ̀, mọ́tò tó ń fà á ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Àǹtí, ọ̀rọ̀ tèmi ò pọ̀. Ẹ wá páànù kékeré tí wọ́n kọ ìwúwo sí lára ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, òun ni òpin, pẹ̀lú gbogbo ẹrù yín. Lítà omi 100 ti jẹ́ kílò 100, ẹ ò tíì gbé fíríìjì sí i. Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀. Ìwúwo tó ń tẹ ìdí mọ́tò níbi tẹ́ ẹ so ó mọ́, kó wà láàárín 5% sí 7% gbogbo ìwúwo ẹ̀. Tó bá fúyẹ́ jù níwájú, káráfáànù á máa jù bí ìrù ajá lójú ọ̀nà mọ́tò, ó sì lè dojú yín délẹ̀. Ẹrù wúwo, orí ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tò ó sí, nísàlẹ̀.

Táyà ẹ̀ lè máa dán kó sì ti kú. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára ẹ̀: 1409 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 14 ọdún 2009. Èyí tó bá ti kọjá ọdún méje, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Láti 16 Oṣù Kejìlá 2021, láísẹ́ǹsì mọ́tò lásán ti tó láti fa èyí tí kò ju kílò 3,500 lọ, ṣùgbọ́n ti ìlú Ọba ni o. Ti Nàìjíríà, oṣù 12 péré ló ń bá yín lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ dé. Eré tó pọ̀ jù ni 60 máìlì ní mọ́tówéè, 50 lójú ọ̀nà kéékèèké.

Ìwé ẹ̀ ńkọ́? Ọdún 1992 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ káráfáànù sílẹ̀ sínú CRiS. Ti 1973 lè má ní in. Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ń tà á wà níbẹ̀, ẹ bá a béèrè fọ́tò àtijọ́ tí ìdílé ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹni tó jí i kì í ní fọ́tò.

ỌmọLísàbí

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti ń ronú sóbò, ṣápúmáànù àti kéèkì nínú ẹ̀, kí àbúrò ọkọ mi wà nídìí ààrò níta. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí láago, ó ní àwọn méjì mìíràn ń bọ̀ wá wò ó, kí n fi £100 ránṣẹ́ lálẹ́ yìí kó bá mi dì í mú.

Àdùkẹ́Luton

Má fi ránṣẹ́ o!

AwakọCorby

Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Corby sí Kettering ò jìnnà rárá, mo lè bá yín débẹ̀ ní Sátidé ní aago mẹ́wàá, mo ní ẹ̀rọ ọ̀rinrin nílé. Tó bá tà á kó tó di ìgbà yẹn, òmíràn á yọjú. Kí ó ya fọ́tò nọ́ńbà ṣáásì ẹ̀ àti táyà méjèèjì ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ yìí dípò owó. Tí kò bá fẹ́ yà á, ẹ sọ fún mi, kí n má wulẹ̀ bọ́ sọ́nà.